Tẹ́ ẹ bá bá omi lójú gùdúrọ́ọ̀nù: bẹ́ ẹ ṣe máa wà á tí mọ́tò ò fi ní gbà lọ́wọ́ yín

Òjò ti dé o, ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, ẹ̀yin ará Kétu, ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jí lọ Kùtọnu láàárọ̀ tẹ́ ẹ máa ń padà wálé lálẹ́. Nísàlẹ̀ orílẹ̀-èdè Benin níbí ẹ̀ẹ̀mejì lòjò ń wá lọ́dún, ti àkọ́kọ́ oṣù kẹrin sí oṣù keje, ìkejì oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá, àwọn ará Ṣábẹ̀ lókè lọ́hùn-ún tiwọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa pọ̀ di ẹyọ kan. Ohun tí mo kọ síbí wà fún ẹni tó ń wa mọ́tò, ẹni tó ń fi zém, alùpùpù akérò, jẹun, àti ẹni tó kàn jókòó sẹ́yìn ṣọfẹ́ẹ̀rì tó ń pe Ọlọ́run sínú.

Omi tó jìn, gbogbo wa là ń bẹ̀rù ẹ̀ torí ojú ń rí i. Èyí tí mi ò fi ṣeré ni omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ́ sórí gùdúrọ́ọ̀nù tó dán, tí kò ju mílímítà mélòó kan lọ, tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán ẹ ó rò pé títì kàn tutù lásán ni. Ìlà tẹ́ ẹ rí lára táyà yẹn, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa fa omi jáde kí rọ́bà lè kan ilẹ̀. Tí mọ́tò bá wá yá jù, omi ò ní ráyè jáde mọ́, á kó jọ síwájú táyà, á ki orí bọ abẹ́ ẹ̀, á gbé e sókè, mọ́tò á wá máa léfòó. Nígbà yẹn ẹ lè yí sítíárì bó ṣe wù yín, ẹ lè tẹ bíréèkì títí, kò sí nǹkan tí táyà ń dì mú.

Àwọn NASA ní Amẹ́ríkà ti wọn ọ̀rọ̀ yìí láti àwọn ọdún 1960, torí ti bàálù tó ń balẹ̀ nínú òjò. Wọ́n rí i pé bí afẹ́fẹ́ inú táyà bá ṣe kéré sí i ló ṣe ń tètè léfòó sí i. Tẹ́ ẹ bá fi ìṣirò wọn sí mọ́tò kékeré, táyà tí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jẹ́ kílò 2,2 (ìyẹn bar 2,2) lè gbéra nílẹ̀ ní nǹkan bí 90 sí 95 kìlómítà ní wákàtí kan tómi bá pọ̀ tó, tó bá jẹ́ kílò 1,5 ló wà níbẹ̀, á ti bẹ̀rẹ̀ ní bíi 78. Èyí tó ti pá nínú omi tó pọ̀, kẹ́ ẹ má retí pé á fún yín ní àyè kankan lórí ìyẹn. Ẹ wá lọ dúró sí péyáàjì Ekpè, níbi tí wọ́n ti ń gba owó títì, lọ́jọ́ òjò, kẹ́ ẹ wo bí àwọn èèyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tí wọ́n bá ti sanwó tán, bí ẹni pé owó yẹn ni wọ́n fi ra eré.

Kẹ́ ẹ tó jáde nílé, táyà

Ẹ mú igi ìṣáná kan. Ẹ tì í bọ inú ìlà táyà kó kan ìsàlẹ̀, ẹ fi èékánná di ibi tí igi náà ti bá ojú táyà dọ́gba, ẹ má tú u o, kẹ́ ẹ gbé e lé rúlà ọmọ iléèwé. Tó bá jẹ́ mílímítà 5 tàbí 6, ẹ máa lọ. Tó bá ti di 3, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú owó táyà, torí láti ibẹ̀ lọ agbára tó fi ń fa omi ń lọ sílẹ̀ kíákíá. Ní Yúróòpù 1,6 lòfin ti sọ pé ó ti tán, ẹ sì máa rí ọmọ rọ́bà kékeré kan tó dábùú inú ìlà náà, tí ojú táyà bá ti jẹ bá a, ó parí nìyẹn. Ẹ wọ̀n ọ́n níbi mẹ́ta, àárín, ẹ̀gbẹ́ òde, ẹ̀gbẹ́ inú. Ẹ̀gbẹ́ inú yìí ló máa ń tan èèyàn jẹ, ó lè ti pá poo kí ẹni tó dúró lóde máa rò pé táyà tuntun lòun ń wò.

Ọ̀pọ̀ wa okàsíọ̀n, èyí tí wọ́n ti lò rí, là ń rà, mi ò sì ní jókòó síbí máa sọ fún yín pé kẹ́ ẹ ra tuntun nígbà tówó ò sí. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ nu ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ni ọjọ́ orí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí 2316, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Ìlà irú ẹ̀ lè jìn dáadáa, àmọ́ rọ́bà ẹ̀ ti gan, rọ́bà tó bá ti gan kì í di títì tútù mú. Ẹni tó ń tà á á ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ìlà ẹ̀, ó ṣì dáa," ẹ dá a lóhùn pé ẹ ti wo ìlà, ọdún lẹ̀ ń wò.

Tówó bá ká táyà méjì péré, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ fi èyí tó dáa jù sí. Mo mọ̀ pé àwọn mẹkaníṣọ́ọ̀nù wa máa bá yín jà lórí èyí, wọ́n á ní iwájú ló ń darí mọ́tò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tí iwájú bá yọ̀, mọ́tò á kàn fẹ́ máa lọ síwájú gbọnrangandan, ẹ ṣì lè dín eré kù kó padà dì ílẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ló yọ̀, ìdí mọ́tò á yí wá síwájú kẹ́ ẹ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìyẹn kì í fún èèyàn láyè láti tún un ṣe.

Afẹ́fẹ́, ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí táyà tó gbóná. Iye tó yẹ kó wà níbẹ̀ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn ṣọfẹ́ẹ̀rì, kì í ṣe iye tí ọmọ tó ń fọ́n táyà bá fẹ́. Àwọn kan máa ń dín in kù kí mọ́tò má baà gbọ̀n jù lójú ọ̀nà oko, kò burú, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti padà sórí gùdúrọ́ọ̀nù ẹ fi kún un. Wáípà, iná iwájú, iná ẹ̀yìn, iná bíréèkì, ẹ yára wò wọ́n. Ìwé fisíìtì, ìwé àyẹ̀wò mọ́tò, tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ọjọ́ tí wọ́n wo mọ́tò ló ń sọ̀rọ̀ bá, kò mọ nǹkan kan nípa táyà tòní.

Ẹ mọ ibi tómi ń dúró sí kẹ́ ẹ tó débẹ̀

Omi kì í kàn dúró síbi tó bá wù ú. Ibi àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni poro táwọn kàmíọ́ọ̀n gbẹ́ sílẹ̀. Àwọn tó ń kó ẹrù láti pọ́ọ̀tù Kùtọnu lọ sókè, wọ́n ń gba Ìdáàṣà, wọ́n ń gba Ṣábẹ̀ lọ Parakú lórí títì ńlá RNIE 2 yẹn, ẹrù wọn wúwo, òòrùn ń mú gùdúrọ́ọ̀nù rọ̀, táyà wọn á wá tẹ ọ̀nà méjì wọlé sínú títì. Tójò bá rọ̀, ọ̀nà méjì yẹn di odò tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, ibẹ̀ gan-an sì ni táyà tiyín náà ń gbà. Tí àyè bá wà, ẹ sún díẹ̀ sápá kan nínú ìlà tiyín, kí táyà máa tẹ ibi tó ga. Mo ní nínú ìlà tiyín o, ẹ má torí omi lọ kó sójú ẹni tó ń bọ̀.

Ibì kejì ò hàn sí ọ̀pọ̀ èèyàn. Títì tó bá gùn tààrà, àárín ẹ̀ ga, omi ń ṣàn sí ọ̀tún àti òsì. Tó bá dé kọ̀ọ̀nà, gbogbo títì á dagẹ̀rẹ̀ sápá kan. Ó wá gbọ́dọ̀ níbì kan láàárín méjèèjì tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí kò dagẹ̀rẹ̀ síbì kankan, omi á kàn jókòó síbẹ̀ ni. Ẹ wá wò ó, ibẹ̀ náà lẹ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí yí sítíárì! Nítorí náà ẹ dín eré kù kẹ́ ẹ tó dé kọ̀ọ̀nà, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá wà nínú ẹ̀.

Ẹ̀yin ará Kétu tẹ́ ẹ ń gba Pobè sọ̀kalẹ̀ lọ Àjàṣẹ́, ẹ mọ ilẹ̀ dúdú Ọ̀họ̀rí lápá Issaba. Ilẹ̀ yẹn máa ń wú tójò bá rọ̀, á tún sán tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, kò sì sí títì téèyàn máa tẹ́ lé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò ní máa ṣe gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ibi kan á ga, ibi kan á kòtò. Omi ò tètè wọlẹ̀ níbẹ̀, ohun tó bá dúró sínú kòtò yẹn lè wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Lójú títì ńlá Sèmè náà, ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀gbẹ́ tó kan kọnkéré, torí tí ọ̀rá píọ́wọ́tà bá ti dí kanifó (gọ́tà), omi ò rọ́nà lọ mọ́.

Ti odò Wẹ́mẹ̀ tún yàtọ̀. Òjò òkè ló ń kún un, ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, omi á sọ̀kalẹ̀ wá bá wa nígbà tí òòrùn ń ràn l'Ájàṣẹ́. Ẹni tó bá rántí ọdún 2010 mọ ohun tí mò ń sọ. Kẹ́ ẹ má rò pé torí òjò ò rọ̀ lánàá, omi ò lè wà lójú ọ̀nà tó bá gba ibi kòtò.

Bẹ́ ẹ ṣe lè mọ̀ látọ̀ọ́kán: ẹ wo ẹ̀yìn mọ́tò tó wà níwájú. Tí ipa táyà ẹ̀ bá dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ tó hàn dáadáa, omi ò pọ̀, ẹ máa tọ ipa yẹn lọ. Tó bá jẹ́ pé bó ṣe ń kọjá lomi ń pa á rẹ́, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ináà lójú ẹsẹ̀.

Tójò bá ká yín mọ́ ojú ọ̀nà

Ìṣẹ́jú mélòó kan tójò kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ló burú jù, pàápàá òjò tó kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀. Eruku, epo ẹ́ńjìnnì, gásùálì, kpayo, epo fàyàwọ́, tó ń kán lára àwọn tó ń gbé e, gbogbo ẹ̀ á pò mọ́ omi, títì á wá yọ̀ bí ilẹ̀ dídán tí wọ́n da omi ọṣẹ sí. Ẹ dín eré kù nígbà yẹn, kódà tójò ò bá tíì le.

Ẹ fi àyè sílẹ̀. Ní 90, mọ́tò ń jẹ mítà 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kẹ́ ẹ tó gbẹ́sẹ̀ lé bíréèkì ẹ ti lọ mítà 25 yẹn, lẹ́yìn ìyẹn ibi tí mọ́tò máa dúró sí lè jìn tó ìlọ́po méjì ti ìgbà gbígbẹ. Ẹ mú òpó iná kan, tí mọ́tò iwájú bá ti kọjá ẹ̀ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí kà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ kẹ́ ẹ tó ka ẹ̀rin, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Ẹlòmíì á wá kó sáàárín o, mo mọ̀, ẹ jẹ́ kó kó sí i, kẹ́ ẹ tún fi àyè míì sílẹ̀.

Ẹ tan iná kékeré, kódà lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ẹ má máa sáré lọ pẹ̀lú warning tó ń ṣẹ́jú, torí ẹni tó wà lẹ́yìn ò ní mọ̀ bóyá ẹ fẹ́ yà tàbí ẹ ti dúró. Tí mọ́tò yín bá ní ohun tó ń di eré mú fúnra ẹ̀, ẹ pa ohun náà. Ẹ má ya kàmíọ́ọ̀n sílẹ̀ nínú omi tó ń fọ́n, kò sí ohun tẹ́ ẹ máa rí fún ìgbà díẹ̀, ìgbà díẹ̀ yẹn sì ti pọ̀ jù. Tójú ò bá wá ríran mọ́ rárá, ẹ kúrò lójú títì pátápátá, ẹ wọ ilé epo tàbí àyè tó gbòòrò, kì í ṣe kẹ́ ẹ páàkì sétí gùdúrọ́ọ̀nù níbi tí ẹlòmíì tí kò ríran máa wá bá yín.

Tó bá ti léfòó

Ẹ máa mọ̀ ọ́n: sítíárì á fúyẹ́ lójijì bí ẹni pé kò so mọ́ nǹkan kan, ẹ́ńjìnnì lè ké sókè láìjẹ́ pé ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ di sítíárì mú lọ́wọ́ méjèèjì, kó kọjú sí ibi tẹ́ ẹ ń lọ. Ẹ rọra gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ináà. Ẹ má tẹ bíréèkì gbì, ẹ má já jíà sílẹ̀, ẹ má yí sítíárì wá ibi tí táyà á ti dì í mú, torí tí táyà bá fi lè kan ilẹ̀ nígbà tó kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ibẹ̀ náà ni mọ́tò máa já sí. Ó máa ń ṣe èèyàn bíi kó ṣáà ṣe nǹkan kan, àmọ́ dídúró jẹ́ẹ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ pé sítíárì tún wúwo padà, ẹ lè wá máa tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀. Tí ìdí bá ti ń yí, ojú yín kó wà níbi tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, kì í ṣe lára igi tẹ́ ẹ ń sá fún, ọwọ́ máa ń tẹ̀lé ojú.

Omi tó bo títì mọ́lẹ̀

Ẹ dúró. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ wò ó. Sẹ̀ǹtímítà 15 ti lè kan abẹ́ ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré, bíi 30 lè gbé wọn léfòó, omi tó ń ṣàn tó bá ti tó 60 lè gba mọ́tò ńlá pàápàá lọ. Tó bá ń ṣàn tẹ́ ẹ ò sì rí ojú títì nísàlẹ̀, ẹ yí padà, kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ má ní kí èèyàn fẹsẹ̀ wọ inú ẹ̀ lọ yẹ̀ ẹ́ wò o, kanifó tí kò ní ìdérí lè wà nísàlẹ̀, títì fúnra ẹ̀ lè ti já.

Tí kò bá jìn tí kò sì ṣàn, ẹ fi sí jíà kìíní, ẹ jẹ́ kí ẹni tó wà níwájú jáde tán, ẹ máa lọ wẹ́rẹ́ láìdúró, àárín títì ló sábà máa ń ga. Tí ẹ́ńjìnnì bá kú nínú omi, ẹ má tún un sítáàtì. Omi tó bá wọ ibi tó ti ń mí kò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́, irin inú ẹ́ńjìnnì ló máa tẹ̀, ẹ ó wá ra ẹ́ńjìnnì okàsíọ̀n lórí ohun tí títì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ì bá ti yanjú. Tẹ́ ẹ bá jáde, ẹ tẹ bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mélòó kan kó gbẹ, kẹ́ ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin onízém

Táyà alùpùpù tínrín, kì í tètè léfòó bíi ti mọ́tò, ṣùgbọ́n tó bá yọ̀ kò sí táyà mìíràn tó máa gbà yín. Ẹ yàgò fún ìlà funfun tí wọ́n kùn sójú títì àti irin ìdérí, méjèèjì ń yọ̀ gan-an. Ẹ fi bíréèkì iwájú àti ti ẹ̀yìn pọ̀, pẹ̀lẹ́. Omi tẹ́ ẹ ò mọ ìsàlẹ̀ ẹ̀, ẹ kà á sí ihò. Ẹ má tẹ̀lé ẹ̀gbẹ́ kàmíọ́ọ̀n, omi tó ń tú lè tì yín ṣubú, ẹni tó ń wà á ò sì rí yín. Kásìkì (akoto) wà fún ẹni ẹ̀yìn náà, agboòrùn tí èrò ṣí sókè lórí zém sì dà bí ìgbòkun tí afẹ́fẹ́ ń wá, ẹ ní kó pa á dé.

Ẹ̀yin èrò ọkọ̀

Ẹ lẹ́nu. Ẹ má pariwo mọ́ ọn, ìyẹn máa ń jẹ́ kí àwọn kan tún sáré sí i. "Ẹ̀gbọ́n ṣọfẹ́ẹ̀rì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra, omi wà níwájú yẹn, a ò kánjú," kí ẹni kejì gbè é lẹ́sẹ̀, kí ìyá àgbà kan tún bá a sọ ọ́, ó máa ń dín in kù. Tí kò bá gbọ́, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ bọ́ sílẹ̀ ní ìlú tó kàn. Owó tẹ́ ò tíì san ló ń jẹ́ kí wọ́n gbọ́, torí náà tẹ́ ẹ bá lè san án nígbà tẹ́ ẹ dé, ẹ má yára san án ní gáréèjì.

Tí jàǹbá bá ti ṣẹlẹ̀

Kí àwọn tó lè rìn kúrò lójú títì kíákíá, kí wọ́n lọ jìnnà sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí mọ́tò tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa bá omi kan náà pàdé. Ẹ ti ẹ̀gbẹ́ títì rìn padà sẹ́yìn, ẹ gbé tíríáńgù síbi tó jìn, ó kéré tán bíi mítà 100 lójú títì tó yá, kó sì wà ṣáájú kọ̀ọ̀nà, má jẹ́ lẹ́yìn kọ̀ọ̀nà. Ẹ pe pompier (panápaná) lórí 118, ọlọ́pàá lórí 117, ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ wà gan-an, láàárín ìlú wo sí ìlú wo, apá wo.

Ẹni tó bá fara pa, ẹ má fà á jáde nínú mọ́tò àyàfi tí iná tàbí omi bá ń bọ̀ wá bá a. Ẹ má yọ kásìkì lórí onízém tó bá ṣì ń mí. Ẹ wo bóyá ẹnikẹ́ni gbé kpayo, tó bá rí bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣáná níbẹ̀, tó bá sì jẹ́ kàmíọ́ọ̀n epo ló ṣubú, ẹ lé gbogbo àwọn tó ń gbé bídọ́ọ̀n bọ̀ padà, kẹ́ ẹ sì sá fún un fúnra yín.

Tí ò bá sí tíríáńgù, ewé tí wọ́n já sójú títì náà ń ṣiṣẹ́, gbogbo ṣọfẹ́ẹ̀rì ló mọ ìtumọ̀ ẹ̀. Àmọ́ tí wọ́n bá ti gbé mọ́tò náà lọ, ẹ kó ewé yẹn kúrò, ẹ gbá gíláàsì, ẹ má fi òkúta tẹ́ ẹ fi di táyà sílẹ̀ sáàárín títì. Tómi bá sì ṣì dúró síbẹ̀, ẹ ya fọ́tò ibẹ̀, ẹ mú un lọ bá ṣẹ́fù káátíyé, kó bá mẹ́rì sọ̀rọ̀ nípa kanifó tó dí kí òjò míì tó rọ̀.